Kámẹ́rà fíìmù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀: ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti rí mi níbi ìsìnkú ìyá àgbà wa n'Ìbàdàn pẹ̀lú kámẹ́rà tó ń dún kẹrẹrẹrẹ bí ẹ̀rọ ìránṣọ ni ìbéèrè ò ti tán lẹ́nu àwọn èèyàn. Àwọn kan rò pé nǹkan ìṣeré ọmọdé ni, àwọn kan ní ṣé mi ò lówó fóònù ni. Mo kó àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù síbí, bí mo ṣe mọ̀ ọ́n ni mo ṣe dáhùn ẹ̀. Ẹ ṣáà mú eléyìí dání kẹ́ ẹ tó máa kà á lọ: kámẹ́rà kọ́ ló ń jẹ owó nínú iṣẹ́ yìí, ohun tó ń wọnú kámẹ́rà ni.

Ṣé kì í ṣe fídíò náà ni?

Rárá o. Fídíò, ìyẹn kásẹ́ẹ̀tì VHS tí gbogbo wa fi wo sinimá nílé nígbà yẹn, tẹ́ ẹ bá fa téèpù inú ẹ̀ jáde ẹ ò lè rí àwòrán kankan lára ẹ̀, dúdú lásán ni. Fíìmù yàtọ̀. Ẹ gbé fíìmù tí wọ́n ti fọ̀ sójú fèrèsé, ẹ máa rí fọ́tò kéékèèké tó tò tẹ̀lé ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dúró jẹ́ẹ́, kò sí èyí tó ń rìn nínú wọn. Nínú kámẹ́rà, irin kékeré kan tó dà bí èékánná ló máa ń ki orí bọ ihò tó wà létí fíìmù, á fà á wálẹ̀ ìwọ̀n fọ́tò kan, á dúró, ṣọ́tà (ìlẹ̀kùn kékeré tó ń dí ìmọ́lẹ̀) á ṣí, ìmọ́lẹ̀ á wọlé, ṣọ́tà á padé, èékánná á tún fà á. Ìgbà 24 nìyẹn láàárín sẹ́kọ́ńdì kan. Òun ni ariwo tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n, ṣé Super 8 ni kí n fi bẹ̀rẹ̀ àbí 16mm?

Super 8, ẹ má wulẹ̀ ronú jìnnà. Ọdún 1965 ni Kodak gbé e jáde, bàbá àti ìyá tó fẹ́ ya ọjọ́ìbí ọmọ wọn ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe àwọn oníṣẹ́ sinimá, ìdí nìyẹn tó fi rọrùn: fíìmù ti wà nínú kátíríjì, ẹ máa ṣí ilẹ̀kùn kámẹ́rà, ẹ máa tì í wọlé bíi kásẹ́ẹ̀tì, ẹ pa á dé, ó parí. 16mm (ìbú fíìmù ni nọ́ńbà yẹn) ti wà láti 1923, fọ́tò orí ẹ̀ fẹ̀ ju ti Super 8 lọ ní ìlọ́po mẹ́ta ó lé, ó mọ́ kedere, àmọ́ ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa fi ọwọ́ tò ó sínú kámẹ́rà, gbogbo nǹkan ẹ̀ ló sì wọ́n jù. 35mm, ẹ gbàgbé ẹ̀ ná.

Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ o. Kámẹ́rà tí wọ́n bá kọ "8mm" sí lára, ó lè máà jẹ́ Super 8. Ó ní àgbà kan tí wọ́n ń pè ní Regular 8, ti 1932, tó jẹ́ róòlù ló ń lò. Fuji náà gbé Single-8 tiẹ̀ jáde lọ́dún 1965 yẹn kan náà, kátíríjì wọn ò sì lè wọnú kámẹ́rà ara wọn. Ọ̀rẹ́ mi kan ra Single-8 torí pé ó rẹwà lójú ẹ̀, kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀ ló wà títí dòní, àlejò ló ń fi í ya sẹ́lífì.

Kámẹ́rà wo ló dáa jù?

Èyí tó bá ń ṣiṣẹ́. Mo mọ̀ pé orúkọ lẹ fẹ́ gbọ́: Canon 514XL, 814, 1014, Nikon R8 àti R10, Nizo ti Jámánì, Beaulieu ti Faransé. Gbogbo wọn dáa, ṣùgbọ́n àgbàlagbà ni gbogbo wọn, àgbàlagbà sì yàtọ̀ sí àgbàlagbà, èyí tí wọ́n fi sínú àpótí tó gbẹ fún ogójì ọdún àti èyí tí òjò ń kán sí lórí nínú gáréèjì kì í ṣe ẹgbẹ́ bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́.

Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ tà á, ibi bátìrì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣí. Tẹ́ ẹ bá rí ìyẹ̀fun funfun tàbí àwọ̀ ewé níbẹ̀, bátìrì ti jò sínú ẹ̀ nìyẹn, ó ṣeé fi ọtí kíkan àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín nù tí ò bá tíì pọ̀, tó bá ti jẹ wáyà, ẹ máa lọ. Ẹ gbé bátìrì tuntun síbẹ̀ (èyí tó ń lo AA lásán ni kẹ́ ẹ wá), ẹ tẹ ibi tí wọ́n ń tẹ̀, kẹ́ ẹ fi etí sí i: kó máa dún dọ́gba, kó má máa sáré kó tún máa fà. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀, ẹ kọ lẹ́ńsì sí ibi ìmọ́lẹ̀, ẹ wo ojú ihò kékeré onígun mẹ́rin tó wà nínú, ẹ máa rí i tí ìmọ́lẹ̀ ń ṣẹ́jú níbẹ̀ tó bá ń ṣiṣẹ́. Ẹ wá tan tọ́ọ̀ṣì sínú lẹ́ńsì. Tẹ́ ẹ bá rí nǹkan bí òwú aláǹtakùn, olú ló ti hù nínú ẹ̀. Ọ̀rinrin ilẹ̀ wa ń bọ́ wọn dáadáa, àwọn olú yẹn.

Ó ku abẹ́rẹ́ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀, tẹ́ ẹ máa ń rí tẹ́ ẹ bá fi ojú sí kámẹ́rà. Ẹ kọ kámẹ́rà síta fèrèsé, kẹ́ ẹ tún kọ ọ́ sí abẹ́ tábìlì. Abẹ́rẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ rìn. Tí kò bá rìn, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ó ní bátìrì kékeré tiẹ̀ lọ́tọ̀, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń lo PX625, bátìrì onímẹ́kúrì tó jẹ́ fóltì 1.35 tí wọn ò tà mọ́. Àwọn kan máa ń fi bátìrì tí wọ́n ń fi sí ẹ̀rọ ìgbọ́ràn etí dípò ẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́.

Èmi ti ṣe gbogbo eléyìí, kámẹ́rà àkọ́kọ́ mi sì tún jẹ mí níyà. Ó ń dún dáadáa lófìfo, ẹni tó tà á ò parọ́. Àfìgbà tí mo ki fíìmù bọ̀ ọ́, tó wá di pé ó ní nǹkan tó máa fà, ó dún kẹrẹ, kẹrẹ, ó dákẹ́. Kátíríjì odindi ló há sínú ẹ̀. Látìgbà náà ni mo ti ń tọ́jú kátíríjì kan tó ti bàjẹ́ sínú báàgì mi, òun ni mo máa ń fi dán kámẹ́rà wò kí n tó fọwọ́ kan owó.

Ṣé wọn ò ṣe tuntun mọ́ ni?

Kodak ṣe Super 8 tuntun kan láìpẹ́ yìí, ju 5,000 dọ́là lọ ni wọ́n ń tà á. Ìbéèrè tó kàn.

Kátíríjì kan á ya tó wákàtí mélòó?

Wákàtí kẹ̀! Ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ ni. Fíìmù tó wà nínú ẹ̀ gùn ní 50 ẹsẹ̀ bàtà, fọ́tò 3,600 nìyẹn, tẹ́ ẹ bá yà á ní 24 sí sẹ́kọ́ńdì kan, ìṣẹ́jú 2 àti sẹ́kọ́ńdì 30, tẹ́ ẹ bá yà á ní 18, ìṣẹ́jú 3 àti sẹ́kọ́ńdì 20. Róòlù 16mm ẹlẹ́sẹ̀ 100 náà, kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta ní 24. Mo mọ̀ bó ṣe rí lára yín. Ó ti rí bẹ́ẹ̀ lára tèmi náà, mo fi ìlàjì kátíríjì àkọ́kọ́ mi ya ewúrẹ́.

Irú fíìmù wo ni kí n rà? Gbogbo nọ́ńbà yẹn ń dà mí lórí rú.

Nọ́ńbà ni bó ṣe ń mọ ìmọ́lẹ̀ lára tó. 50 fẹ́ oòrùn gan-an, 500 lè ríran nínú pálọ̀ lálẹ́. Lẹ́tà tó tẹ̀ lé e, D jẹ́ ti ojúmọmọ, T jẹ́ ti gílóòbù tó ń pọ́n bí iná àbẹ́là. Kodak Vision3 tó jẹ́ nẹ́gẹ́tífù aláwọ̀ ni èyí tó pọ̀ jù, 50D, 200T, 500T ló máa ń wà nínú Super 8. Fún oòrùn ilẹ̀ wa, 50D, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi 500T tàn yín torí pé nọ́ńbà ẹ̀ ga, tẹ́ ẹ bá gbé 500T sójú oòrùn ọ̀sán ní Bódìjà, lẹ́ńsì ò ní rí ibi tó máa pa ojú dé sí. Tri-X wà fún ẹni tó fẹ́ dúdú àti funfun. Ektachrome 100D náà wà, àmọ́ kì í dárí jini, tí ìmọ́lẹ̀ bá fi díẹ̀ pọ̀ jù, ojú ọ̀run ti di funfun nìyẹn.

Ohun kan wà tó ń dààmú gbogbo èèyàn: lára kámẹ́rà Super 8, ẹ máa rí àmì oòrùn àti àmì gílóòbù. Fíltà 85, ìyẹn gíláàsì kékeré aláwọ̀ kan nínú kámẹ́rà, ni wọ́n fi ń darí, àwọ̀ ọsàn ló ní, iṣẹ́ ẹ̀ ni láti jẹ́ kí fíìmù T ṣeé yà lábẹ́ oòrùn láì di búlúù. Ibi àmì oòrùn, fíltà wà nílé. Ibi àmì gílóòbù, wọ́n ti gbé e kúrò. Nítorí náà, tó bá jẹ́ 50D lẹ fi síbẹ̀, àmì gílóòbù ni kẹ́ ẹ gbé e sí, lábẹ́ oòrùn náà. Mo mọ̀ pé ó dà bí òdì. Ẹ ṣáà ṣe é.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ ti tó, nígbà tí mi ò lè rí i lójú ẹsẹ̀?

Ọ̀rọ̀ ibí yìí gbà wá lákòókò, torí òun ló ń ba fíìmù àwọn ará ilé wa jẹ́ jù. Kámẹ́rà tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ fúnra ẹ̀, gbogbo ohun tó wà níwájú ẹ̀ ló ń pò pọ̀, á wá mú àárín ẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀ tó bá jẹ́ igi àti ilé. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e lọ sí òde ìyàwó, bàbá ìyàwó dúró níbẹ̀ pẹ̀lú agbádá léèsì funfun báláú, oòrùn aago kan ọ̀sán wà lórí ẹ̀, àwọ̀ bàbá náà dúdú mìnìjọ̀. Kámẹ́rà máa rí léèsì yẹn, á ní "háà, ìmọ́lẹ̀ pọ̀ níbí", á sì pa ojú lẹ́ńsì dé. Tí fíìmù bá dé láti láàbù (ibi tí wọ́n ti ń fọ̀ ọ́), agbádá máa ń rẹwà gan-an ni, ojú bàbá á wá dà bí èédú, ẹ ò ní mọ̀ bóyá ó ń rẹ́rìn-ín ni àbí ó ń bínú.

Bí mo ṣe ń ṣe é: mo máa ń rìn sún mọ́ èèyàn náà títí ojú ẹ̀ á fi kún inú kámẹ́rà, mo máa wo nọ́ńbà tí abẹ́rẹ́ dúró lé, mo máa tì í síbẹ̀ kó má lè yí padà, lẹ́yìn náà ni mo máa padà sẹ́yìn. Tí kò bá ṣeé sún mọ́ (ẹ ò lè máa ki kámẹ́rà mọ́ ọba lójú), ẹ na àtẹ́lẹwọ́ yín sínú oòrùn kan náà, kẹ́ ẹ wọn tiẹ̀. Nẹ́gẹ́tífù fẹ́ràn kí ìmọ́lẹ̀ lé díẹ̀, tó bá pọ̀ díẹ̀ láàbù á tún un ṣe, tí kò bá tó, kò sí ohun tẹ́nikẹ́ni lè rí bù níbẹ̀. Tí mítà yín (abẹ́rẹ́ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ yẹn) bá kú pátápátá lọ́nà, 50D ní 24 lábẹ́ oòrùn gangan, ẹ gbé nọ́ńbà lẹ́ńsì sí f/16 (bó bá ṣe ga tó ni ojú lẹ́ńsì ṣe ń kéré tó). Abẹ́ igi, ẹ ṣí i sí f/8 tàbí f/5.6.

Ohùn ńkọ́?

Kò sí. Kodak ṣe kátíríjì tó ń gba ohùn lọ́dún 1973, wọ́n pa á tì ní 1997, nítorí náà ihò tẹ́ ẹ rí lára kámẹ́rà tí wọ́n kọ "mic" sí, ọ̀ṣọ́ ni. Ẹ fi fóònù gba ohùn lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ pàtẹ́wọ́ níwájú kámẹ́rà kẹ́ ẹ lè rí ibi tẹ́ ẹ máa so wọ́n pọ̀. Kámẹ́rà ìgbà yẹn kì í sáré dọ́gba, ọ̀rọ̀ gígùn á yẹ̀ kúrò lẹ́nu ẹni tó ń sọ ọ́ kó tó parí, àmọ́ ìlù, ariwo ọjà àti orin, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Ṣé mo lè gbé e fún oní-fọ́tò àdúgbò wa kó bá mi fọ̀ ọ́?

Ẹ má dán an wò o. Oògùn C-41 ni wọ́n fi ń fọ fíìmù fọ́tò aláwọ̀, Vision3 ń lo ECN-2, Ektachrome ń lo E-6, Tri-X náà ní tiẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, ọ̀pọ̀ Vision3 tó wà nígboro ló ní nǹkan dúdú kan lẹ́yìn tí wọ́n ń pè ní remjet, bí èéfín ìdí ìkòkò ló rí, tó bá wọnú ẹ̀rọ oní-fọ́tò, á ba oògùn ẹ̀ jẹ́, á sì lẹ̀ mọ́ fíìmù àwọn oníbàárà yòókù. Ẹ ò lówó tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ yín. Èmi, ìlú Òyìnbó ni mo ń fi tèmi ránṣẹ́ sí, Cinelab wà ní Slough lẹ́bàá London, Andec wà ní Berlin. Mo máa ń jẹ́ kó pé mẹ́rin márùn-ún kí n tó fi ránṣẹ́. Àwọn náà ló ń scan ẹ̀, tí wọ́n á fi fáìlì ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, 2K (bí àwòrán ṣe máa mọ́ tó nìyẹn) tó fún Super 8, ẹ má sanwó 4K torí pé ó dún létí.

Mo fẹ́ gbé fíìmù mi wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ṣé kò séwu?

Ewu wà. Báàgì tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ yín sí ikùn ọkọ̀, ẹ má fi fíìmù tí wọn ò tíì fọ̀ síbẹ̀ láéláé, X-ray tí wọ́n ń fi wò ó lágbára púpọ̀. Mo fi kátíríjì mẹ́ta rán ìbátan mi kan, mo sọ fún un pé kó fi sínú báàgì ọwọ́, ó ní "mo ti gbọ́", ó wá rí i pé àyè gàrí ò tó, ló bá kó fíìmù lọ sísàlẹ̀ kí gàrí lè wà lọ́dọ̀ ẹ̀. Nígbà tí scan dé, ìgbì eérú kan ń lọ ń bọ̀ lórí gbogbo ẹ̀, sókè, sísàlẹ̀, bí ẹni pé wọ́n yà á láti inú odò. Ìsìnkú ìyá àgbà wa wà níbẹ̀. Gàrí dé láyọ̀.

Báàgì ọwọ́ náà, ẹ wò ó dáadáa, torí ọ̀pọ̀ pápákọ̀ ti ń gbé ẹ̀rọ CT wá síbẹ̀, òun náà ń ba fíìmù jẹ́. Ẹ kó fíìmù sínú náílọ́nù tó mọ́ gara, kẹ́ ẹ tètè dé, kẹ́ ẹ fi sùúrù bẹ òṣìṣẹ́ ibẹ̀ pé kó fi ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀bẹ̀ o, kì í ṣe ìjà.

Ooru àti ọ̀yẹ́ ńkọ́?

Fíríìjì. Kátíríjì tẹ́ ò tíì lò àti èyí tẹ́ ẹ ti yà, inú fíríìjì ni ilé wọn, nínú náílọ́nù tó padé dáadáa. Tẹ́ ẹ bá gbé e jáde, ẹ jẹ́ kó wà nílẹ̀ fún wákàtí kan sí méjì kẹ́ ẹ tó ṣí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó máa làágùn. Ẹ má fi kámẹ́rà sílẹ̀ nínú mọ́tò lọ́sàn-án. Lásìkò ọ̀yẹ́, eruku ni ọ̀tá, ẹ máa fẹ́ ojú ihò onígun mẹ́rin yẹn kẹ́ ẹ tó fi kátíríjì tuntun sí i, irun kan ṣoṣo tó bá há síbẹ̀ máa jó lójú àwòrán yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ẹ jọ̀ọ́, èló ni gbogbo ẹ̀?

Owó kátíríjì, fífọ̀, scan àti ìfiránṣẹ́, ó máa ń sún mọ́ 100 dọ́là lọ́wọ́ mi lórí ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀. Mo ra kámẹ́rà mi lẹ́ẹ̀kan. Ìyókù ò dáwọ́ dúró.

Ṣé òun náà làwọn Ogunde fi ṣe sinimá?

Fíìmù náà ni, kì í ṣe Super 8 ṣá. Ajani Ogun tí Ola Balogun ṣe lọ́dún 1976 ni wọ́n máa ń kà sí sinimá àkọ́kọ́ tí wọ́n fi Yorùbá ṣe, Duro Ladipo àti Ade Love wà nínú ẹ̀, Ogunde wá gbé tiẹ̀ dé ní 1979. Wọ́n máa ń gbé e kiri láti ìlú dé ìlú, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé àwòrán sára ògiri. Nígbà tí náírà wá já lulẹ̀ lẹ́yìn SAP (ètò ìjọba láti tún ọrọ̀ ajé ṣe) ti 1986, owó òkèèrè ni wọ́n ṣì fi ń ra fíìmù, owó òkèèrè ni wọ́n sì ń san fún láàbù. Àwọn kan sá lọ síbi reversal, irú èyí tí kò ní nẹ́gẹ́tífù, tó jẹ́ pé ohun tẹ́ ẹ bá yà gangan lẹ máa gbé sójú ẹ̀rọ, kò sí ẹ̀dà kankan nílé, gbogbo ibi tí wọ́n bá ti fi hàn ló ń fi àpá kún un lára. Bí wọ́n ṣe bọ́ sórí fídíò nìyẹn. Ẹ kíyè sí i pé kámẹ́rà ò kúrò lọ́wọ́ wọn o.

Ó ti ń padà díẹ̀díẹ̀. 16mm ni àwọn ìbejì Esiri fi ya Eyimofe l'Ékòó, tó jáde ní 2020, òun náà ni Akinola Davies Jr. fi ya My Father's Shadow tó lọ sí Cannes ní 2025.

Mo rí fíìmù àtijọ́ tó rọ̀ lówó, Kodachrome, ṣé kí n rà á?

Rárá. Láàbù tó ń fọ Kodachrome kẹ́yìn ti dáwọ́ dúró láti ìparí 2010. Ẹ fi owó yẹn jẹ ìrẹsì.

Kí ni kí n fi kátíríjì àkọ́kọ́ yà?

Ẹni tẹ́ ẹ mọ̀, nínú ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀, níbi iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀. Ìyá tó ń da àkàrà, télọ̀, ẹni tó ń dirun. Ẹ má fi lẹ́ńsì sún àwòrán sẹ́yìn-síwájú, ẹ dúró gbọn-in, sẹ́kọ́ńdì mẹ́wàá mẹ́wàá, ẹ kà á sínú. Ìgbà 15 péré lẹ ní. Ẹ mú ìwé kékeré dání, kẹ́ ẹ máa kọ nọ́ńbà lẹ́ńsì tẹ́ ẹ lò fún ìkọ̀ọ̀kan, òun lẹ máa fi mọ ibi tẹ́ ẹ ti ṣe é tì.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti tán?

Dídún ẹ̀ máa yí padà. Tẹ́ ẹ bá yọ kátíríjì jáde, ẹ wo fíìmù tó hàn lójú ẹ̀, tó bá ti tán lóòótọ́, ẹ máa rí EXPOSED tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀. Tẹ́ ò bá rí i, ẹ dá a padà, ẹ ò pàdánù ju fọ́tò díẹ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ kọ ọjọ́ àti orúkọ ibi tẹ́ ẹ ti yà á sí i lára, ẹ kó o sínú fíríìjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gúsí, kẹ́ ẹ sì sọ fún ará ilé pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí i wò.